Bí Mo Ṣe Di 'Ìbàdàn' ní Kútọnu

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó yà sí ìsọ̀ mi l'Ọ́jà'ba tí kì í bi mí pé, "Ìyá Fẹ́mi, Kútọnu ńkọ́?" Mo máa ń ní ó dáa. Wọ́n á ní, "Ó dáa bíi báwo?" Màá rẹ́rìn-ín, màá sì bu ọṣẹ fún wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni kò ṣeé sọ lórí ìdúró. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni kò yé mi. Ìdajì kejì, ìgbà tí mo padà jókòó sílé ní Bẹ́yẹrúnkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè fara balẹ̀ kà á.

Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè, òun náà ni mò ń tà. Ìyá mi ló kọ́ mi. Láti ayé ìyá mi náà ni obìnrin kan ti ń ti Kútọnu wá kó ọṣẹ lọ́dọ̀ wa, Ìyá Sẹ́nàmì la máa ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá dé, inú yàrá ìyá mi ni wọ́n ń sùn. Wọ́n gbọ́ Yorùbá ọjà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kí wa, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà dé ibi tí ẹ̀mí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹni. Nígbà tí ìyá mi kú, wọ́n wá bá wa sin òkú, wọ́n sì ń bá èmi ra ọṣẹ lọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá mi rà á.

Àfi ìgbà tí ìjọba ti ibodè pa. A ò rí wọn. Wọ́n ṣí ibodè, a ò tún rí wọn. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n nígbà náà, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ rán Múfú, awakọ̀ kan tó máa ń ná ọ̀nà Kútọnu. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí wàhálà. Ó wá di ọjọ́ kan tí Múfú gbé ọṣẹ mi padà dé bí mo ṣe dì í.

"Ìyá Fẹ́mi, wọ́n ní kí ẹ má fi ọṣẹ ránṣẹ́ mọ́ o. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Èmi ò mọ̀ o. Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí mo ṣáà gbọ́ ni pé ọmọ kan jóná."

Mo ní iná ti jó ilé wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Fẹ́mi, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé iná ló jó wọn, ìrànlọ́wọ́ ni wọn ì bá béèrè. Kí ló wá kan ọṣẹ nínú ẹ̀?" Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àrẹ̀mọ. Wòlíì ní òun rí omi. Mo béèrè irú omi wo, wọ́n ní omi ṣáà ni òun rí.

Bàbá Fẹ́mi ò fẹ́ kí n lọ. "Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé níbẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ẹni tó sùn nínú yàrá ìyá mi kò ní tì mí mọ́lé. Mo ra aṣọ ọmọdé díẹ̀ àti ìpara tí wọ́n ń fi pa ojú egbò iná, mo bá Múfú lọ.

*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín lágara. Ohun tó rú mi lójú ni pé mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò nílé. Mo ti rò ó pé tí a bá ti kọjá ibodè, màá rí i lójú àwọn ènìyàn pé mo ti dé ìlú onílùú. Mo rí obìnrin kan tó kọ ilà bíi ti àwọn ará Ọ̀rányàn lọ́dọ̀ wa, mo kí i tayọ̀tayọ̀, ó fi èdè tí n kò gbọ́ rí dá mi lóhùn. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ fi ọwọ́ júwe fún ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò lórí ọ̀kadà pé omi mímu ni mò ń wá. Ó jẹ́ kí n júwe tán pátápátá, ó wá ní, "Ẹ káàbọ̀ o, mà. Omi wà lọ́hùn-ún." Ó yí padà, ó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ Faransé.

Láti ibẹ̀ ni mi ò ti gbẹ́kẹ̀ lé ojú ènìyàn mọ́. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, màá kọ́kọ́ wúkọ́ ná, kí n lè gbọ́ èdè tí wọ́n máa fi kí mi.

*

Ilé Ìyá Sẹ́nàmì kò jó. Ògiri rẹ̀ funfun, òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń tún ojú ṣe láti ẹ̀yìn títì, mo ti fa ojú ro fún ìbánikẹ́dùn, àfi bí àwọn ọmọdé ṣe sá jáde, tí wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ìbàdàn! Ìbàdàn!" Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ kékeré yìí mọ orúkọ ìlú mi.

Sẹ́nàmì fúnra rẹ̀ ló jáde sí mi. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò tó ti ìyá rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo ní, "Ẹ kú ewu iná o. Olúwa kò ní jẹ́ kí a rí irú ẹ̀ mọ́."

Ó wò mí. "Iná wo, mà?"

"Iná tó jó ọmọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọlé, ó sì gbé omi wá fún mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mu ún tán. Ó gbé òmíràn wá, mo tún mu ún tán, torí mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó gbé ẹ̀kẹta wá. Àwọn ọmọdé ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé àlejò kàn máa ń fi ẹnu kan omi náà ni, á sì dá ìyókù padà. Èmi ń mu omi ìkíni bí ẹni tó ti oko dé.

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀: àkàsà, tó dà bí ẹ̀kọ wa ṣùgbọ́n tó kan ju ẹ̀kọ lọ, àti ẹja yíyan pẹ̀lú ata tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ tòmátì àti àlùbọ́sà ní tútù, tí kò rí iná rárá. Ó dùn. Mo fẹ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá mi jókòó jẹun. Àwọn aládùúgbò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á sọ pé "Ìbàdàn" síra wọn. Ìyá arúgbó kan mú ọwọ́ mi, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Sẹ́nàmì jáde sí mi níkẹyìn. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ń retí kí wọ́n ní "Ọmọ mi" bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé.

"Sẹ́nàmì, kí ni mo ṣe?"

"Mà, wọ́n ní kí á má bá yín sọ nǹkan kan. Àwọn ọlọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó di ọ̀la, lọ́jà."

Ẹ wo bí ara mi ṣe máa rí. Aṣọ ọmọdé tí mo rà ṣì wà nínú báàgì. Mi ò mọ ọmọ tí màá gbé e fún.

*

Ọjà wọn tóbi, létí ọ̀sà ló wà. Ká ní ènìyàn kó Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ pọ̀, kó sì da gbogbo rẹ̀ sétí omi, á máa fẹ́ jọ ọ́. Mo ń tẹ̀ lé Sẹ́nàmì lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ "Ìbàdàn" lápá ọ̀tún, "Ìbàdàn" lápá òsì. Mo ń dáhùn. Mo ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó olórí ìlú. Ìgbà tí mo rí ọmọbìnrin kan tó nawọ́ ọṣẹ dúdú tó fi ọ̀rá dì sí oníbàárà rẹ̀, tó sì ń pè é ní "Ìbàdàn", ni mo tó dúró sójú kan.

Èmi kọ́ ni wọ́n ń pè. Ọṣẹ ni. Ní ọjà yẹn, ọṣẹ dúdú kò ní orúkọ mìíràn mọ́ ju Ìbàdàn lọ. Ìdajì àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ìlú ni. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni tàbí kí n sunkún. Ìyá mi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ro ọṣẹ nínú èéfín, kò gbọ́ èyí kó tó kú.

Ìsọ̀ Ìyá Sẹ́nàmì nìkan ni wọ́n fi tapólì bò.

Lẹ́bàá rẹ̀ ni àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ pé jọ sí, Ìyá Sẹ́nàmì náà wà láàárín wọn. Màmá àgbà kan ni olórí wọn, wọ́n jókòó sórí àga kékeré, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Wọn ò gbà kí Sẹ́nàmì túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi torí ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni. Wọ́n pe obìnrin kan tó ń ta ata, ará Kétu ni, Ìyá Kétu ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó lanu sọ̀rọ̀, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó ń fà á níbi tí èmi ti ń gé e, mo sì ní láti dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá mi.

Ẹnu Ìyá Kétu ni mo ti gbọ́ òtítọ́. Iná kò jó ilé ẹnikẹ́ni. Onídìrí kan nínú ọjà náà ló ra Ìbàdàn lọ́dọ̀ Ìyá Sẹ́nàmì, ó fi wẹ ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ara ọmọ náà sì bó láti ìdí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i. Ọmọ ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó jìyà. Wọ́n ti ìsọ̀ Ìyá Sẹ́nàmì pa. Ìyá Sẹ́nàmì ní ọ̀dọ̀ mi ni òun ti ra ọṣẹ.

Onídìrí náà wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọmọ mi lọ. Ó gbé ọmọ pọ̀n. Kò wò mí.

Wọ́n gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan síwájú mi, ọṣẹ méjì wà lórí rẹ̀. "Wọ́n ní, èwo ni tìẹ?"

Mo mú àkọ́kọ́, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fi omi pa á, mo fi ẹnu ahọ́n tọ́ ọ wò. Tèmi ni, mi ò ṣiyèméjì. Mo mú ìkejì. Ó dúdú, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ fẹ́ jọ tiwa. Ṣùgbọ́n ó jó mi láhọ́n. Ọṣẹ tí kò bá jinná, eérú inú rẹ̀ máa ń jẹ ara. Ẹnu mi ti là láti sọ pé "Èyí kì í ṣe tèmi," ni mo bá rántí pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń sè é nílé wa. Àwọn ìyàwó ilé ń bá mi dá iná. Ṣé mo lè búra pé kò sí ìkòkò kan rí tí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú àsìkò? Mo wo Ìyá Sẹ́nàmì, wọ́n gbé ojú sílẹ̀. Mo wo ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Mo ní, "Èyí, tèmi ni. Èyí kejì, mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ báwo?" Ìyá Kétu fúnra rẹ̀ ló bi mí, wọn ò rán an.

"Mi ò mọ̀. Tí mo bá ní tèmi ni, mo lè purọ́. Tí mo bá ní tèmi kọ́, mo lè purọ́."

Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀, ariwo sọ. Ẹnì kan ń nawọ́ sí mi lójú, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan káwọ́ lórí. Màmá àgbà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n sì sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ pẹ́ títí gbogbo ojú fi yí sọ́dọ̀ wọn. Mo bi Ìyá Kétu pé kí ni wọ́n sọ.

"Wọ́n ní kí o jókòó."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Jókòó ná."

Mo jókòó. Wọ́n tún sọ díẹ̀. Ìyá Kétu ní, "Wọ́n ní kí o sè é, kí ojú gbogbo wa rí i."

*

Ní ẹ̀yìn ilé àbúrò Ìyá Sẹ́nàmì, níbi tí igi ìdáná wà, ni a ti sè é. Àdín wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Eérú ni kò sí. Èèpo kòkó ni àwa ń jó ní tiwa, ibo ni màá ti rí kòkó létí ọ̀sà? Wọ́n kó ìdì ẹyìn gbígbẹ wá, a jó o, a sẹ́ omi eérú rẹ̀. Mò ń sè ọṣẹ tí n kò sè rí, níwájú àwọn tó fẹ́ fi mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n sè. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Sẹ́nàmì ló ń bá mi rò ó. Àwa méjèèjì nìkan ló wà nídìí iná nígbà náà. Wọ́n dúró, wọ́n ní, "Múfú ò tètè dé. Ọṣẹ rẹ fẹ́ tán. Ọkùnrin kan gbé Ìbàdàn wá lórí ọ̀kadà. Mo rà á. Mo dà á pọ̀ mọ́ tìẹ."

Mo ní, "Ẹ ò dá a mọ̀ ni?"

"Mo dá a mọ̀. Mo ní kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń dúró."

Inú bí mi. Ó bí mi dé ibi tí mo fi fẹ́ sọ orógùn sílẹ̀. Mo rántí orúkọ ìyá mi, mo rántí ọ̀nà tí mo rìn, mo rántí bí mo ṣe dúró níwájú ọjà tí wọ́n ń nawọ́ sí mi. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àánú wọn ṣe mí, torí èmi náà mọ bó ṣe máa ń rí tí oníbàárà bá dúró tí igbá sì ṣófo. Mi ò mọ èyí tí màá gbà lọ́wọ́ ọkàn mi nínú méjèèjì.

"Ẹ lọ sọ fún ìyá ọmọ," ni mo sọ.

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ lọ, mà. Èmi á máa rò ó."

Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n tiro lọ lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gba orógùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ fún un.

Ọṣẹ náà jinná dáadáa, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò títí, kò jó mi. Ṣùgbọ́n kò dúdú. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló mú. Àwọn obìnrin ọjà wá wò ó, wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n sì fẹnu kò.

Ìyá Kétu ní, "Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbàdàn."

"Èmi ará Ìbàdàn ni mo sè é!"

"Wọ́n ní ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí."

Mo sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo wá bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ gígùn tí màmá àgbà sọ lọ́jọ́sí. Ó ní, "Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ń kó ọṣẹ wọ ọjà ti wá búra níwájú àwọn pé tàwọn dáa. Ìwọ nìkan lo sọ pé o ò mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀, ó ṣeé bá sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi nígbà náà?"

"Ọ̀rọ̀ náà gùn," ló wí.

*

Onídìrí náà wá ra díẹ̀ nínú ọṣẹ pupa yẹn. Kò fi kan ọmọ. Apá ara rẹ̀ ló ń fi í wẹ̀, á wá fi apá náà han màmá àgbà, á sì padà lọ. Bí mo ṣe ń retí rẹ̀ ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá omi àlejò padà.

Nígbà tí wọ́n ká tapólì kúrò lórí ìsọ̀ Ìyá Sẹ́nàmì, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń wò, wọ́n ń lọ. Mo jókòó ti Ìyá Sẹ́nàmì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí jì wọ́n, mo kàn mọ̀ pé mi ò lè dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Onídìrí náà dé. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó dúró níwájú wa. Ara ọmọ ti jinná, ó kàn pọ́n ju ìyókù lọ níbi tó ti bó ni. Ó sọ̀rọ̀ kan pẹ̀lẹ́. Mo bi Ìyá Sẹ́nàmì pé, "Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n bá òun wẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gbé bàsíà wá, wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Èmi ń bu omi, Ìyá Sẹ́nàmì gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ wọn bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe níbi gbogbo. Àwọn obìnrin ìsọ̀ tó wà nítòsí wá pagbo yí wa ká. Bí ọṣẹ pupa náà ṣe kàn án ni ó fi igbe ta. Ìyá rẹ̀ gbá àyà mú, kò gba ọmọ rẹ̀. A ń tẹ́tí sí igbe náà, gbogbo wa tí a ti bímọ rí, bóyá igbe ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ ni àbí igbe ọmọ tó ń jẹ̀rora. Ìyá Sẹ́nàmì ń wẹ̀ ẹ́, omijé wọn ń kán sínú bàsíà. Wọ́n fi omi ṣan án, mo fi ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí mo gbé láti Ìbàdàn nù ún. Ó sọkún díẹ̀ sí i, ó wá ọmú ìyá rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Onídìrí náà wo itan ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó tún wò ó, ó sì fìdí lé ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ wa, ó ń fún un lọ́mú. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sídìí ọjà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan dúró. Ó na ìka sí ọṣẹ pupa náà, ó bi mí ní nǹkan kan lédè tí n kò gbọ́. Ìyá Kétu lanu láti túmọ̀ rẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀. Obìnrin náà ti fọwọ́ lé ìbàdí, ó ti yọ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti ń mi orí kí n tó sọ nǹkan rárá. Mo mọ ohùn yẹn. Iye tó jẹ́ ló ń béèrè, ó sì ti pinnu pé ó ti wọ́n jù.